Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gbẹ́ni Kore-eda Hirokazu: Ta Ni Yóò Máa Dúró De Yoshio?

Ọ̀gbẹ́ni Kore-eda,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, nípa eré tí ẹ kọ, tí ẹ sì darí, tó jáde ní Japan ní ọdún 2008, Aruitemo Aruitemo, èyí tí àwa tí a kò gbọ́ èdè yín mọ̀ sí Still Walking. Ọdún tí màmá mi kú ni mo kọ́kọ́ wò ó, lóru, lórí kọ̀ǹpútà, tí mo ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà mo ti wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí i. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ bi yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra dé ibẹ̀, torí ẹ̀yin náà kò kánjú nínú eré yín.

Bóyá ẹ ó béèrè ìdí tí mo fi fi Yorùbá kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Inú eré yín ni mo ti rí ìdáhùn. Ehoro kan kú ní ilé ẹ̀kọ́ Atsushi, ọmọdékùnrin tí Yukari bí fún ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, kí ó tó di pé ó fẹ́ Ryota, ọmọkùnrin kejì nínú ìdílé tí eré náà dá lé lórí. Ẹnìkan nínú kíláàsì wọn dábàá pé kí gbogbo wọn kọ lẹ́tà sí ehoro náà, Atsushi sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ryota bi í léèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, èsì rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò ka lẹ́tà ọ̀hún. Ẹ kò jẹ́ kí ọmọ náà sunkún kí a lè mọ̀ pé baba rẹ̀ ló ń rò. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di òru, nígbà tí òun nìkan dúró sínú ọgbà ilé àwọn òbí Ryota, tó ń rọra bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí òun yóò ṣe bí òun bá dàgbà, pé iṣẹ́ títún ohùn dùùrù ṣe bíi ti baba òun ni, tàbí bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí òun di dókítà. Ọmọ tó ní òkú kì í ka lẹ́tà náà ló ń bá òkú sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Bí ó ṣe rí lọ́kàn èmi náà nìyẹn. Yorùbá ni màmá mi fi tọ́ mi, òun náà ni mo fi sunkún wọn, n kò sì ní èdè mìíràn tí mo lè fi sọ ọ̀rọ̀ ikú kí ó dọ́gba lẹ́nu mi. Àwọn tó gbọ́ ọ yóò kà á, bóyá àwọn kan nínú wọn yóò sì lọ wá eré náà wò.

Ọwọ́ ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀ eré náà. Kí a tó mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, a ti ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára kárọ́ọ̀tì àti lára daikon, rádíìṣì funfun gbọọrọ tó nípọn tó apá ọmọdé. Toshiko tó jẹ́ ìyá àti Chinami ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń ha èèpo, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìyá ń kọ́ ọmọ bí a ti í ṣe é, ọmọ ń dáhùn bí ẹni tí kò ní í lọ sè é nílé tirẹ̀ láéláé. Ọ̀sán kan, òru kan, àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán, nínú ilé kan ní ìlú etíkun ní ẹkùn Kanagawa, lásìkò ooru. Àwọn ọmọ ń bọ̀ wá sílé. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń gbọ́ pé ìrántí Junpei ni wọ́n wá ṣe, àkọ́bí ọkùnrin ilé náà, tó ń ṣe iṣẹ́ dókítà bíi baba rẹ̀, tó rì sínú òkun ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nígbà tó wọ inú omi lọ yọ ọmọdé kan tí omi fẹ́ gbé lọ. Ọmọ náà yè. Junpei kò jáde. Ẹ kò fi ọjọ́ náà hàn wá, ẹ kò fi òkú hàn wá, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó láti rò ó fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èèpo kárọ́ọ̀tì la rí.

Mo ti bá àwọn kan wò ó tí wọ́n dìde lọ sùn ní ìdajì, tí wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. N kò bá wọn jà. Eré tí ikú ti ń wọlé pẹ̀lú ariwo ló ti mọ́ wa lára, níbi tí ìyá olókùú ti ń yí nílẹ̀, tí ìlù ń dún lábẹ́ ẹkún kí ó lè tètè wọ̀ wá lákínyẹmí ara. Nínú tiyín, gìtá àwọn Gontiti, olórin méjì ilẹ̀ yín, ló ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì ń dákẹ́ níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti jẹ́ kí ó gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ sinimá máa ń fi yín wé Ozu Yasujiro, àgbà olùdarí eré ilẹ̀ yín, ẹ̀yin sì ti sọ pé Naruse Mikio, ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ sún mọ́ jù. Mo gbà yín gbọ́, torí àwọn ènìyàn inú eré yín le. Wọ́n lè sọ ọ̀rọ̀ tó ń dé egungun, kí wọ́n sì tún ní kí a bu tíì sí i.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Toshiko yọ hóró àgbàdo tútù kúrò lára ṣùkù, ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àti omi, ó ń bù ú sínú òróró gbígbóná. Hóró ń ta nínú òróró, wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá tó ti máa ń rí àwọn aláìsàn kí ó má bàa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, jáde wá nígbà tí òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná, wọ́n ń sọ ìtàn àtijọ́ nípa àgbàdo tí wọ́n jí ká lóko aládùúgbò. Inú ìtàn yẹn ni Junpei gbà wọlé, ní ọmọdé, tí kò tí ì kú.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbàlagbà bá dolóògbé, a máa ń dín àkàrà, a ó sì pín in káàkiri àdúgbò kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ẹni náà dàgbà kí ó tó lọ. Nígbà tí màmá mi lọ ní ẹni ọdún 78, àwọn ìyàwó ilé dín àkàrà láti ìdájí títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, èmi ni mo ń bá wọn da òróró. Ṣùgbọ́n a kì í dín àkàrà fún ọ̀dọ́ tó kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í se àsè lé e lórí, àwọn òbí kì í sì í tẹ̀ lé e dé ojú oórì. Nítorí náà, nígbà tí mo rí Toshiko níwájú òróró lọ́jọ́ ìrántí ọmọ tó rì sómi, àyà mi já, kí n tó rántí pé ilẹ̀ yín yàtọ̀ sí tiwa. Ó ń dín in torí pé ó dùn mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ìyẹn nìkan ni ìdí tí ẹ fún wa.

Lẹ́yìn náà ni ẹ mú wa lọ sí ibojì, nínú oòrùn. Toshiko bu omi, ó ń rọra dà á sórí òkúta Junpei bí ẹni ń wẹ ọmọ tí ooru mú. Ó ní kò sí ohun tó burú tó kí ènìyàn máa wá sí ibojì ọmọ tó bí. Bí mo bá jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, n kò ní í mọ ohun tí n ó sọ. Àwọn àgbà wa ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún obìnrin yìí? A ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí a fi ń tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ohun tí a ń wí ni pé ìyá ṣì wà, pé òmíràn yóò tún kún inú rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn púpọ̀, èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, pẹ̀lú ọkàn rere. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ọwọ́ Toshiko lórí òkúta yẹn ni ó ti ń há mi lọ́nà ọ̀fun. Omi tó dànù náà ló ṣì ń dà sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ labalábá ti wáyé. Toshiko ní wọ́n ń sọ pé labalábá funfun tí kò bá bá òtútù lọ, tó bá yè di ọdún kejì, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà di àwọ̀ ìyeyè. Lálẹ́, ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé. Ìyá na ọwọ́, ó ń tẹ̀ lé e kiri, ó ní ó lè jẹ́ Junpei ni, labalábá náà sì bà sórí fọ́tò ọmọ tó ti kú. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé kò lè fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó kù nínú yàrá ni mo ń wò, bí wọ́n ti dúró tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ìyá wọn, tó mọ iye iyọ̀ tó yẹ kí ó wà nínú gbogbo ìkòkò, ń bá kòkòrò sọ̀rọ̀.

Ẹ tún fi àwọn ikú tó ń bọ̀ sí ilé náà káàkiri, ní kékeré, níbi tí ojú lè fò ó. Ryota wọ balùwẹ̀, ó rí irin ìdìmú tuntun tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kí àwọn arúgbó má bàa yọ̀ ṣubú. Ó kàn dì í mú wò. Aládùúgbò kan ṣàìsàn lálẹ́, wọ́n ké pe dókítà àgbà, kò sì sí ohun tó lè ṣe ju pé kí ó ní kí wọ́n pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dúró lójú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pe ilé náà ní ilé ìyá àgbà, ó sì ń bí i nínú, torí òógùn ojú rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ. Orin kan tún wà, Blue Light Yokohama, tí Ishida Ayumi kọ ní 1968, tí ẹ ti mú orúkọ eré yín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Toshiko ní kí wọ́n gbé àwo rẹ̀ sí i kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ìgbà tó ku òun àti ọkọ rẹ̀ ni ó sọ bí òun ti mọ orin náà: òun pọn Ryota sẹ́yìn, òun dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin mìíràn, òun sì gbọ́ ohùn ọkọ òun nínú ilé, tó ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí Ryota wà lọ́mọ ọwọ́, tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tí òun ti ra aṣọ.

Mo ti wá dé ọ̀dọ̀ Yoshio.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó wá. Òun ni ọmọ tí Junpei yọ nínú omi. Ó ti di ọ̀dọ́kùnrin, ó sanra púpọ̀, ooru ń mú un, òógùn ti mú ẹ̀wù funfun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọdọọdún ni wọ́n ń pè é síbi ìrántí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọrọ àforíjì pé òun wà láàyè, ó sọ nípa iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe, àwọn tó jókòó sì ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri lábẹ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Toshiko bá a rẹ́rìn-ín, ó ṣe é lálejò, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí ó rí i dájú pé ó wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kò pẹ́ tó jáde tí bàbá fi tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, pé nítorí irú èyí ni ọmọ òun fi kú. Ryota, tí iṣẹ́ títún àwòrán àtijọ́ ṣe ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń fi í pamọ́ fún àwọn òbí rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Lálẹ́, Toshiko jókòó, ó ń fi abẹ́rẹ́ ìkọ́ hun òwú. Ryota ní kí wọ́n má pe Yoshio mọ́, pé ó ń ṣe òun láàánú láti máa wò ó. Ìyá rẹ̀ ní ìdí tí òun fi ń pè é gan-an nìyẹn. Ó ní bí kò bá sí ẹni tí òun lè kórìíra, ìyà náà á tún pọ̀ sí i fún òun. Kí Yoshio náà wá jìyà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún; kò tí ì pẹ́ tó kí ó lè gbàgbé. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ìkọ́ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kiki Kirin ló ṣe ìyá náà fún yín, mo sì gbà pé kò sí òṣèré mìíràn tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwa tí a ń wò ó má sì kórìíra rẹ̀. Ẹ kò dá a lẹ́bi. Ẹ kò sì wá àwáwí fún un. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán, ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ó tún máa ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí n kò bá láyé. Ibà ló pa á nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà. A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, màmá mi á kó gbogbo ìkòkò inú ilé jáde sẹ́yìnkùlé, èyí tí a ń lò àti èyí tí a kò lò, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa fi kànrìnkàn àti eérú ha ìdí wọn títí tí wọn yóò fi máa dán bíi tuntun. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ̀ nínú rẹ̀. Bí omi bá tán, wọ́n á pè wá pé kí a pọn sí i, ohùn wọn kò sì yàtọ̀ sí tojoojúmọ́. Àwa ọmọ rò pé nítorí òjò tó ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìsìnkú wọn ni àbúrò wọn obìnrin tó sọ fún mi pé ọjọ́ tí ọmọ náà kú nìyẹn.

Ó ku èyí tó nira fún mi láti kọ. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Ibà kan náà ṣe é, ó sì yè. Màmá mi, tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìfi nǹkan kan ẹnu, kì í jẹ́ kí ó wọ inú ilé wa. Bí ó bá bá wa ṣeré wá, orí bẹ́ǹṣì ìta ni ó máa ń jókòó sí. Wọ́n á dá a lóhùn bó bá kí wọn, wọ́n á béèrè ìyá rẹ̀, wọ́n á wá bi í pé, “Ọmọ ọdún mélòó lo dà báyìí?” Ọmọ náà á sọ fún wọn. Wọ́n á ní, “Ó ti tó bẹ́ẹ̀?” Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bi í, títí tí ó fi di ẹni tó ń gbéyàwó. A rò pé wọ́n ń gbàgbé ni.

Àwọn tó mọ màmá mi yóò sọ fún yín pé wọn kò ní ìkà nínú, èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú pósí wọn. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ohùn Toshiko, mo tún padà gbọ́ ìbéèrè yẹn, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń kà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ti sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú lọ. Ìfẹ́ tí mo ní sí wọn kò dín kù. Ó wá di ìfẹ́ sí ẹni tí mo mọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ikú ìyá tiyín lẹ ṣe eré yìí, ó sì hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyá rẹ̀ yangàn lásán kò ní í jẹ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ tí Toshiko sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òbí sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Bàbá ní ó tún di ọdún tuntun kí àwọn tó rí wọn. Nínú bọ́ọ̀sì, Ryota ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó, pé kò sí ìdí tí àwọn yóò fi tún wá lọ́dún tuntun. Ibẹ̀ ni ó ti rántí orúkọ oníjàkadì sumo tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń wá láti àná, Kurohimeyama, ó sì ní bí ó ti máa ń rí fún òun nìyẹn, ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn arúgbó méjèèjì máa gun àtẹ̀gùn padà lọ sílé, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọn yóò wà níbẹ̀ títí. Ìgbà yẹn ni ohùn Ryota wọlé. Bàbá kú, àwọn kò sì jọ lọ wo bọ́ọ̀lù tí àwọn ní àwọn yóò jọ lọ wò. Ìyá náà tẹ̀ lé e, òun kò sì fi mọ́tò gbé e rí. Ikú ẹni méjì kò gbà yín ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Màmá mi ní kí n wá bá àwọn so aṣọ ojú fèrèsé tuntun, mo ní ó di Sátidé. Aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá.

Harada Yoshio, tó ṣe bàbá, kú ní oṣù keje ọdún 2011. Kiki Kirin kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ní ẹni ọdún 75, ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí eré mìíràn tí ó bá yín ṣe gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi ayẹyẹ sinimá Cannes nílẹ̀ Faransé. Bàbá ló ṣáájú, ìyá ló tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ ọ́. Bí mo bá ń wo àtẹ̀gùn yẹn nísinsìnyí, kì í ṣe Toshiko àti ọkọ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí tí wọ́n ń gùn ún lọ.

Ní ìparí, ẹ mú wa padà sí ibojì. Ryota, Yukari, Atsushi tó ti ga, àti ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n ti bí. Wọ́n da omi sórí òkúta. Labalábá kan ń fò kọjá, Ryota sì sọ ìtàn òtútù àti àwọ̀ ìyeyè fún ọmọ rẹ̀, ní ohùn ìyá rẹ̀ gan-an. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ wọn.

Ìbéèrè tí mo ní láti bi yín nìyí. Yoshio kò sí níbẹ̀. Toshiko ti kú, ẹni tó ń pè é, tó ń rí i pé ó jìyà tirẹ̀ tán kí ó tó fún un ní nǹkan mímu. Ǹjẹ́ ó ṣì ń wá? Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè é, ǹjẹ́ ó wọ ẹ̀wù funfun náà, kí ó tó rántí? Àbí ó lọ sí ibojì fúnra rẹ̀, tí ó bu omi? Mo rò pé ìtura ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ fún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá di nǹkan mìíràn, torí ó ti tó ọdún mélòó tí obìnrin kan ní ayé yìí kò fi gbàgbé ọjọ́ tí Yoshio yè. Ryota ní kí wọ́n má pè é mọ́, ó sì dá mi lójú pé kò pè é. Àánú ni ó fi ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ dá wọn, ẹ ó ti rò ó.

Níbi ìrántí ọdún kan màmá mi, ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó bá wa to àga, ó bá wa gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ látorí iná, lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Mo lọ bá a, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé.” Ó ní ibẹ̀ dára fún òun, pé ibẹ̀ ni òun máa ń jókòó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Màmá ni ì bá ti béèrè ọjọ́ orí mi lónìí.” Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni ó dà. Ó sọ fún mi. Mo gbé omi jáde wá fún un, mo sì bá a jókòó níbẹ̀.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn tó wo eré yín,
Ìbàdàn.